Orúkọ Ìyá Dáhùnsí Ló Ṣáájú

                                        Ilé Jẹ́láàní,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Ifangni.
                                        Ọjọ́ 16, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Léontine, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ilé. Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn yín láìpariwo? Anicet ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń hanrun? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tiwa le níhìn-ín, ooru nìkan ló ń bá wa jà.

Mo mọ̀ pé ìròyìn oyè ọ̀jọ̀gbọ́n mi lo ń retí, o sì fẹ́ fò dé ìparí. Má fò ó o.

O mọ̀ pé ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣèwádìí lórí ẹ́ńsáìmù inú ẹyìn, ohun tójú ò lè rí tó máa ń sọ epo di kíkan gẹ́rẹ́ tí ẹyìn bá ti fara pa. Ìyá Dáhùnsí tó ń fún epo ní Ko-Koumolou ló là mí lójú. Ó ti pẹ́ tó ti ń da omi gbígbóná sórí ẹyìn tó bá fara pa, epo rẹ̀ kì í sì í kan. Èmi kàn fi ẹ̀rọ wá ìdí rẹ̀ ni: ooru omi náà ló ń pa agbára ẹ́ńsáìmù ọ̀hún. Nígbà tí èmi àti Fadel, ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, kọ àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀, mo fi orúkọ ìyá ṣáájú, tèmi tẹ̀ lé e. Ta ni yóò kọ orúkọ tirẹ̀ ṣáájú ẹni tó ti ń fún epo kí wọ́n tó bí i?

Iṣẹ́ náà tàn. Àwọn onímọ̀ tó ti lò ó nínú ìwé tiwọn lé ní ẹgbẹ̀ta, ẹni tó bá sì lò ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n máa ń dá, wọn á wá fi “àti àwọn yòókù” tì í. Ọdún méje ni mo fi jẹ́ àwọn yòókù, Léontine, kò sì dùn mí rárá, àfi ìgbà tí ìgbìmọ̀ tó ń fini joyè yẹ dosié mi, àkójọ ìwé iṣẹ́ mi, wò. Wọ́n ní orúkọ mi kò hàn tó. Wọ́n ní kí “Ọ̀jọ̀gbọ́n Dáhùnsí” fọwọ́ sí ìwé láàárín oṣù kan, kó sọ iṣẹ́ tí oníkálukú ṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni àyà mi já. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò wọ ilé ìwé rí! Bí wọ́n bá mọ̀, ṣé wọn ò ní da gbogbo iṣẹ́ náà nù? Fadel ní kí n kọ̀wé sí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde pé kí wọ́n yí orúkọ padà. Ó ní, “Ṣùgbọ́n Adétóun, màmá yẹn ò mọ̀wé, báwo ló ṣe máa mọ̀?” Mo kọ lẹ́tà náà lóòótọ́. Inú báàgì mi ló wà nígbà tí mo gun zém, alùpùpù akérò wa, lọ gba àyè lọ́wọ́ ìyá, kó má baà di olè jíjà.

Bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí i, ó wọlé lọ mú ẹ̀dà àpilẹ̀kọ tí mo fún un nígbà yẹn jáde. Ó fi ọ̀rá wé e, ó sì kó o pọ̀ mọ́ ìwé ilẹ̀ rẹ̀. Ojú tì mí. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan lẹ́tà inú báàgì. Kò bínú. Ó kàn bi mí bóyá àwọn ẹgbẹ̀ta yẹn ń da omi gbígbóná sórí ẹyìn tiwọn. Mo ní àwọn kan ń dà á. Ó ní ó tó, kí n mú bírò.

“Kọ ọ́ pé èmi ni mo mọ ẹyìn, Adétóun ló mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Mi ò lọ sílé ìwé. Ẹni tó bá ń ṣiyè méjì, kó wá síbi tí mo ti ń fún epo.”

Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, ó tẹ̀ka sí i, mo sì fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ láìbo nǹkan kan. Méjì nínú ìgbìmọ̀ náà wá lóòótọ́. Ìyá gbé wọn jókòó sórí àpótí, ó da epo tó kan àti èyí tí kò kan sí wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n tọ́ ọ wò. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ìwé dé: mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo sunkún níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ojú ò sì tì mí.

Ìyá ní òun ti ṣáájú tó, kí n kọ orúkọ tèmi síwájú nínú àpilẹ̀kọ tó kàn. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Àná ni mo fi àpilẹ̀kọ tuntun ránṣẹ́, ìwọ náà sì mọ orúkọ tó ṣáájú.

Bá mi kí Anicet àti àwọn ọmọ. Mo fi ìgò epo méjì rán Rachidatou aládùúgbò mi sí ọ, èyí tí kò kan.

                                        Èmi ni tìrẹ láti orí bẹ́ńṣì ilé ìwé títí dòní,
                                        Adétóun,
                                        ọ̀kan nínú àwọn yòókù.