Stọ́ọ́kípà Ò Gba Páálí Wọlé

Sátidé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà

Ìwé, jókòó dáadáa. Ọkùnrin náà ti dé.

Ọ̀gá gbà lónìí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà ńlá ilé ìtẹ̀wé wa ti gbó nínú, kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ di tuntun. (Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni Ọ̀gá o. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá ni.) Wọ́n ní, ṣé ó dá mi lójú? Kí ni ò ní dá mi lójú? Èmi tí mo fi iléèwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, tí àwọn tó gboyè ń bẹ̀ mí kí n wá tún tiwọn ṣe.

Mo bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Lẹ́tà ń ya wálẹ̀ lójú ẹ̀ bí òjò. Àwọn kan pupa. Mi ò ráyè pupa. Ó ń bi mí ní ìbéèrè, mo ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Kí aago méjìlá tó lù, mo ti lọ gẹrun. Mo ní kí Àǹtí Dígí pa á tó bá parí. Àwọn ló ń bá wa fi kọ̀ǹpútà kọ gbogbo ohun tí a bá fẹ́ tẹ̀ jáde — dígí ojú wọn nípọn bí ìdí ìgò.

Irun náà dùn ún wò.

Sọ́ńdè, ọjọ́ keje

Akọni ń sinmi.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹjọ

Wàhálà. Kọ̀ǹpútà tàn, ó rẹwà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò dá a lóhùn. Kàádì àwọn aláboyún ilé ìwòsàn ló wà nílẹ̀, ẹgbẹ̀rún méjì. Fúráìdè ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o.

Mo lọ bá Stọ́ọ́kípà. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn — ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń gbé àwọn ètò yòókù wọlé, ní páálí páálí, tó mọ èyí tí ò lè wọlé láìsí èkejì. Mo ní kó gbé páálí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá. Ó ní rárá. Àwọn páálí kan ti wọlé, àwọn kan wà lẹ́nu ọ̀nà, òun ò lè dá sí ìkankan. Mo ní kó tún ara ẹ̀ ṣe. Ó ní òun ò mọ ibi tí òun máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi. Kí ló ṣe é?

Ẹnu mi yá ju ọpọlọ mi lọ. Mo ní Àǹtí Dígí ló pa á kó tó parí.

Àǹtí ní aago mẹ́ta kọjá làwọn pa á, ó sì ti pẹ́ tí nǹkan kan ò mì lójú ẹ̀ mọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ rò bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Ó ń ṣiṣẹ́ abẹ́lẹ̀." Iṣẹ́ abẹ́lẹ̀! Níbo ni mo ti rí i? Ṣùgbọ́n ó dún bí òótọ́.

Ọ̀gá ní kí Àǹtí lọ jókòó sílé ná. Tí ilé ìwòsàn bá gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ wa, kí Àǹtí má wulẹ̀ padà wá. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti wà níbí. Àwọn nìkan ló ń gbọ́ bùkátà ọmọ méjì. Wọ́n ní, "Ó dáa, sà." Wọ́n mú báàgì wọn, wọ́n lọ.

Wọ́n á padà. Wákàtí kan péré, màá tún un ṣe.

Túsìdeè, ọjọ́ kẹsàn-án

Kì í ṣe wákàtí kan.

Mo pa àkójọ páálí rẹ́, mo tún un fà wálẹ̀. Rárá. Mo ka íńtánẹ́ẹ̀tì títí ojú fi ń ta mí. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n fi tipátipá yọ páálí tó ń fa wàhálà. Ó kù kí n tẹ̀ ẹ́ — Stọ́ọ́kípà ní tí mo bá yọ ìyẹn, òun máa yọ irinwó ó lé mọ́kànlá tẹ̀lé e, títí kan èyí tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Lọ́tẹ̀ yìí mo kà á kí n tó fèsì. Mo yáa káwọ́ kúrò.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kẹwàá

Kò gbà. Èmi náà ò gbà.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ kọkànlá

Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn wá fúnra wọn. Kàádì àwọn dà? Inú ìwé ọmọ iléèwé làwọn ń kọ ìwọ̀n àwọn aláboyún sí. Ọ̀gá ní ọ̀la. Nọ́ọ̀sì wò mí: "Àbí?" Mo ní, "Ọ̀la, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ọ̀sán ni mo rí i. Stọ́ọ́kípà náà ń kọ ìwé ìrántí! Bíi tèmi gẹ́lẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe — ọjọ́, aago, orúkọ ẹni tó pàṣẹ. Fáìlì kan báyìí, jẹ́jẹ́ ní igun ẹ̀.

Mo ka ti Sátidé. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ: iṣẹ́ dúró. Páálí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò ṣeé pààrọ̀, wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méje: wọ́n pa kọ̀ǹpútà.

Ó ti lé ní wákàtí mẹ́ta tó ti kú kí Àǹtí tó pa á. Òkú ni wọ́n pa.

Ta ló de páálí? Mo ń kà lọ sẹ́yìn. Oṣù kọkànlá, èṣí. Orúkọ mi ni. Mo wá rántí. Páálí tuntun ìgbà yẹn ń sọ àwọ̀ pupa di àwọ̀ bíríkì, ni mo bá dá ti àtijọ́ padà, mo ní kí Stọ́ọ́kípà má fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé. Ọ̀gá yìn mí títí lọ́jọ́ yẹn. Mo gbàgbé láti tú u. Stọ́ọ́kípà ò gbàgbé.

Mo tú u. Ìlà kan péré. Láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbogbo páálí ti wọlé, wọ́n to ara wọn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ké. Ọ̀gá ké jù ú lọ: "Ọmọ àbúrò mi! Ọpọlọ pípé! Ẹ wo ohun tí obìnrin yẹn fẹ́ kó bá mi!"

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ ọ́. Ẹ ṣé, sà.

Fúráìdè, ọjọ́ kejìlá

Kàádì ti lọ. Inú Nọ́ọ̀sì dùn. Ọ̀gá ní kí n bá àwọn wá ẹlòmíì tí ọwọ́ ẹ̀ yá, àwọn ò fẹ́ rí Àǹtí Dígí mọ́.

Mo lè pa fáìlì yẹn rẹ́. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ó wà. Mo ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo tì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Ojú ìwé méjì.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá

Mo gbé e lọ fún Ọ̀gá nílé. Màmá mi wà níbẹ̀, orí burúkú. Ọ̀gá ní lẹ́tà ẹ̀ kéré, kí n kà á fáwọn. Mo kà á. Mo dé ibi orúkọ, ni ikọ́ bá dé. Màmá ní, "Wúkọ́ tán, kó o kà á." Mo kà á.

Ọ̀gá ní, "O jẹ́ kí n lé èèyàn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ ní Tọ́sìdeè? Mo ní wọ́n ń yìn mí lọ́wọ́ ni. Màmá fọwọ́ bojú. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni.

Ọ̀gá ní kí n lọ bẹ Àǹtí, kí wọ́n padà síṣẹ́.

Mo bá Àǹtí lẹ́yìnkùlé wọn, wọ́n ń sá aṣọ. Wọ́n ka ìwé náà tán pátápátá. Wọ́n ní, "Aago mẹ́ta kọjá. Ohun tí mo sọ fún yín náà nìyẹn." Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Ọ̀gá ní kí ẹ máa bọ̀.

Wọ́n ní àwọn ò padà mọ́. Àwọn ti ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n ṣì ń dán àwọn wò. Ọ̀gá ibẹ̀ bi wọ́n pé kí ló lé wọn níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Wọn ò lè parọ́. Àǹtí sọ fún un pé wọ́n ní àwọn ló ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Látìgbà yẹn, wọn kì í jẹ́ kí Àǹtí dá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Ẹnì kan ń dúró tì wọ́n bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Àǹtí ní, "Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ. Wá sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹnu tí o fi sọ ti àkọ́kọ́ yẹn náà ni kó o mú wá."

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo lọ. Èèyàn mẹ́fà ló wà nínú ọ́fíìsì yẹn, gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, gba ìwé méjèèjì, ó kà á, ó bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Mo ní mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ní kí ẹni tó ń dúró ti Àǹtí lọ jókòó sáyè ẹ̀. Àǹtí ò tiẹ̀ wo ibi tí mo wà. Wọ́n fa àga wọn súnmọ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ wọn ò dúró.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá bi mí bóyá wọ́n ń bọ̀. Mo ní wọn ò bọ̀ mọ́. Ọ̀gá kó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí síwájú mi, ìdì ìwé mẹ́rin, wọ́n nàka sí àga Àǹtí.

Mo jókòó. Lẹ́tà àkọ́kọ́, mo ṣì í tẹ̀.