Àgọ́ Wa Ti Di Onítáyà

Nẹtanẹli ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé o ń rí oorun sùn ní Bíàṣébà yẹn? O kú ọdún, o kú ìyèdún. Ọdún tuntun tá a wọ̀ yìí, a ò ní fẹsẹ̀ kọ nínú rẹ̀. Èmi ìyá rẹ wà dáadáa, orúnkún mi nìkan ló ń ya aláìgbọràn, ewúrẹ́ wa sì ti bí.

Ọ̀rọ̀ wà nílé o. Ṣé o mọ Gíláàdì, ọmọ tí wọ́n fi ṣe akọ̀wé abúlé wa? Ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sórí Wasáàpù abúlé, kí n tó rí awò ojú mi, àwọn èèyàn ti ń fi àtàǹpàkò sí i. Mo rò pé ọdún ni wọ́n ń kí i. Èmi náà fi àtàǹpàkò sí i, mo tiẹ̀ fi mẹ́ta sí i kí wọ́n má baà pè mí ní ahun. Àṣé ohun tó kọ ni pé wọ́n ti da ọ̀dà sí àgbàlá sínágọ́gù, ọkọ̀ nìkan ló lè máa dúró níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pa àgọ́ àjùmọ̀jẹ síbẹ̀ mọ́, kí kálukú fi ọjọ́ méje Àjọ Ìpàgọ́ jẹun nínú àgọ́ nílé ara rẹ̀, ẹni tó bá gbà kó fi àtàǹpàkò sí i. Nígbà tí mo lọ bá a jà, ó ní Ìyá Nẹtanẹli, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ gbà.

Èmi kọ́. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, èmi àti ògiri la jọ ń jẹun. Ọjọ́ àgọ́ yìí nìkan ni mo fi ń rí ẹni bá jẹun lọ́dún, bẹ́ẹ̀ náà ni Ṣábo aládùúgbò wa tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, àti àwọn arúgbó yòókù. Ó dùn mí gan-an. Ìwọ náà wá ń sọ lórí fóònù pé kí n lọ jókòó sí fàráńdà. Fàráńdà tó ní àjà lórí! Ibi tá ò ti lè rí ìràwọ̀ láàárín imọ̀ ọ̀pẹ, ṣé àgọ́ nìyẹn?

Mo wá rántí pé àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé èèyàn lè pa àgọ́ sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Mo ké sí Ṣábo, ó fi katakata rẹ̀ fa tíréélà tó fi ń kó ọ̀dùnkún wá. A kan pákó mọ́ ọn, a ta aṣọ, a da imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lórí, a to àga sínú rẹ̀, a sì gbé e kalẹ̀ sáàárín àgbàlá kí àjọ tó wọlé. Kúbà ọlọ́bẹ̀ kíkan, òkèlè tí ẹran wà nínú rẹ̀ yẹn, ni mo sè, kò sí ẹni tí kò lá àwo rẹ̀. Gíláàdì dé, ó ní kí lẹ̀ ń pe èyí. Mo ní ọkọ̀ ni. Ó ní ọkọ̀ wo. Mo ní kó wo ẹ̀yìn, nọ́ńbà wà níbẹ̀, táyà mẹ́rin ló ní, tirẹ̀ náà kò ju mẹ́rin lọ. Ó lọ wo nọ́ńbà náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lánàá, tí ọjọ́ mímọ́ àkọ́kọ́ ti kọjá tá a lè wa ọkọ̀, ó tún padà wá, ó ní ọkọ̀ kì í dúró lójú kan fún odindi ọ̀sẹ̀, ká wà á kúrò. Mo ní kò burú, mo ní kí Ṣábo ṣáná sí i. Ẹnì kankan ò sọ̀ kalẹ̀. A jókòó pẹ̀lú àwo wa, ọbẹ̀ ń dà sí wa lára, à ń kọrin, a yí abúlé po. Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà ìyá Gíláàdì, ìyá náà fúnra rẹ̀ dá wa dúró, ó mú àwo tirẹ̀ dání, ó sì gòkè.

Nítorí náà, má wulẹ̀ sọ fún mi mọ́ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kó o wálé. À ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ lọ́la. Katakata kì í sáré, àmọ́ a máa dé. Bí ọlọ́pàá bá dá wa dúró, màá bi í bóyá ó ti jẹun, àyè ṣì wà. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó mú lẹ́tà yìí wá, jọ̀ọ́, fún un ní ṣékélì díẹ̀ tá a máa fi ra epo dísẹ́ẹ̀lì sí katakata. Má fi sínú fóònù mi o, ó já sínú ìkòkò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ká ní owó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?

Ọlọ́run tó ṣíji bo àwọn bàbá wa láginjù yóò ṣíji bò ọ́, kò ní jẹ́ kó o dá jẹun dọjọ́ alẹ́. Tó o bá ti gbọ́ fèrè katakata nísàlẹ̀, mú síbí rẹ kó o máa bọ̀. Tí ọ̀gá rẹ bá bi ọ́ pé níbo lò ń lọ, sọ fún un pé ilé lò ń lọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ásímárì