Iye Àmì Tó Bá Wá

Zarzis, Tùnísíà.

Dorsaf, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí òtútù Tunis má dé ibi ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́. Àwa wà níbí. A ti ń ká èso ólífì, òkun sì ń gbé òkú wá bó ṣe máa ń ṣe.

O béèrè nípa ètò kọ̀ǹpútà tí mò ń kọ fún ẹgbẹ́ wa, èyí tó ń fi àmì ara àwọn tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ítálì wé ti òkú tí a rí ní etíkun. Níbẹ̀rẹ̀, àmì mẹ́ta ni mo ní kó máa gbà, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Màmá Mabrouka, aránṣọ àdúgbò wa, mú méjì wá nípa Bechir ọmọ wọn, tó wọkọ̀ lọ tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́: àpá iná àti òrùka fàdákà. Ètò náà kọ̀ ọ́. Mo ní kí wọ́n ronú kan ẹ̀kẹta. Wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, méjì ni mo mọ̀. Ṣé kí n wá purọ́ mọ́ ọmọ tí mo bí ni?"

Ojú tì mí, mo tún un kọ. Àmì ìràwọ̀ (*) kan péré ni mo fi ṣíwájú orúkọ ohun tó ń gbà nínú kóòdù rẹ̀, bí o ṣe kọ́ mi ní yunifásítì: iye tó bá wá, kó gbà á. Ọ̀kan ni o, ogún ni o, kò kọ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni màmá ń mú tuntun wá: èékánná ẹsẹ̀ tó wọ́, bó ṣe ń gbé èjìká kan rìn, orin tó ń kọ bó bá ń fá irùngbọ̀n. Mò ń tẹ gbogbo rẹ̀ sí i, títí kan ohun tí òkun kò lè fi sílẹ̀ lára ẹnikẹ́ni. Ìdáhùn kan náà ni: kò sí.

Ní Sunday tó kọjá, màmá dìde, wọ́n ń wé ìborùn wọn. Wọ́n ní, "Èyí tó ń kọ̀ yẹn sàn. Nígbà yẹn, mo rò pé ohun tí mo mú wá ni kò tó." Mo se tíì fún wọn. Wọn ò mu ún.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká wá ẹni wa tì. Bá mi kí ìyá rẹ.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Rafika.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Bí mo ṣe fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé ni Sabrine, àbúrò Bechir obìnrin, wọlé. Ó rọra bi mí irú àmì tí òun lè fi sí ara òun, tí omi kì í tètè pa rẹ́. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màmá mi."