Wọ́n Tọ́ Ẹja Akíntáyọ̀ Wò, Wọ́n Ṣíwọ́

Abà Òkè-Ìrókò, lẹ́bàá Ìkọ̀lé,
Oṣù Kẹta, 1975.

Akíntáyọ̀ ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ nídìí iná, jọ̀wọ́ sọ ìkòkò kalẹ̀ ná kí ọbẹ̀ má bàa jóná, kí o wá jókòó kà á. Ṣé ara le? Ṣé yàrá Ìsọlọ̀ yẹn kì í jò mọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyin lábẹ́ adìyẹ yóò máa ṣọ́ ọ. Àwa náà ń jí sáyé níbí. Ewúrẹ́ wa bí méjì. Tíṣà Ilésanmí fi owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù wọn ra fáànù, ó gbé e sí pálọ̀, bẹ́ẹ̀ iná ẹ̀lẹ́tíríkì kò tíì dé abà wa, a lọ kí i kú oríire, a jókòó síwájú fáànù náà títí, ooru ń mú wa.

A rí lẹ́tà rẹ àti fọ́tò inú rẹ̀ gbà. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí nítorí fìlà funfun gíga yẹn, mo rò pé ọgbẹ́ ni wọ́n fi bò. Bàbá rẹ ní ó jọ pé o ti wọ ìjọ aláṣọ funfun, mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ. O mọ̀ wọ́n, láti ọjọ́ tí o ti kọ iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, tí o ní alásè hòtẹ́ẹ̀lì lo fẹ́ dà, inú wọn kò dùn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè iṣẹ́ rẹ, wọ́n á ní o wà nídìí ọkọ̀ òfuurufú ní Àpákùn, àwọn ará abà sì ti ń bẹ̀ wọ́n pé bí o bá ń fò kọjá, kí o má ṣe da adìyẹ àwọn láàmú.

Ohun tó kó ọkàn mi sókè ni ọ̀rọ̀ ìdánwò yín. O ní òyìnbó tó ń dán yín wò dé ìdí ẹja tí o sè, ó bu síbí kan péré tọ́ wò, ó gbé síbí kalẹ̀, ó fi omi fọ ẹnu, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó bá lọ sídìí oúnjẹ ẹlòmíì. O wá ní ó yìn ọ́. Táyọ̀, ta ló ń yin oúnjẹ tí kò jẹ? Ta ló ń tọ́ oúnjẹ wò kó tún fi omi fọ ẹnu, bí kò ṣe ẹni tó fura pé nǹkan wà nínú rẹ̀? Ohun tó sì kọ yẹn, ṣé kì í ṣe ọlọ́pàá ló ń kọ ọ́ sí? Àbí o gbàgbé ohun tí mo kọ́ ọ, pé ẹni tó gbé oúnjẹ fún àlejò ló ń kọ́kọ́ bù ú jẹ lójú rẹ̀, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀? O ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni àṣekágbá, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi, wọ́n á gba fìlà lórí rẹ̀, ó di ilé. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò purọ́. Ọmọ tó ti sọ iṣẹ́ tíṣà nù, bí iṣẹ́ oúnjẹ bá tún já a sílẹ̀, kí ló kù?

Mo ka ibẹ̀ fún bàbá rẹ. Wọ́n jáde sẹ́yìnkùlé, wọ́n padà wọlé, wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n wá ní ta ni òyìnbó náà tó ń kọ oúnjẹ ọmọ àwọn sílẹ̀? Mo ní ṣé ọmọ tí ẹ ò fẹ́ kí a dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ni? Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi mọ́, kí n bá àwọn wá agbádá.

Bàbá rẹ fúnra wọn ló mú lẹ́tà yìí wá. Wọ́n fẹ́ jókòó sídìí tábìlì lọ́jọ́ náà, kí wọ́n jẹ ẹja rẹ tán lójú òyìnbó, kí àwo mọ́, kó lè rí i pé ọmọ wa kì í ṣe apani. Mo fi ata gígún sínú agolo mílíìkì lé wọn lọ́wọ́, nítorí o ní ọbẹ̀ ẹja náà funfun, ọkàn mi kò sì gbà á. Owó mọ́tò àlọ nìkan la rí, jọ̀wọ́ wá ti àbọ̀ fún wọn, kí o sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, òrùlé ilé ìdáná ti ń jò.

Iná kò ní jó ọ lọ́wọ́. Orúkọ rẹ kò ní korò lẹ́nu ẹni tó bá tọ́ ọ wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Láti àná ni bàbá rẹ kò ti jẹun, wọ́n ní àwọn ń fi àyè sílẹ̀ fún tìrẹ. Má jẹ́ kó di Ọjọ́bọ̀. Sè é fún wọn lónìí.

Èmi ìyá rẹ tí oorun kò kùn,
Ọládùnní.