Mo Ń Yára Ka Èémí fún Ọkọ Mi

Olóòtú wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ohùn tútù. Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni mí, ẹ bá mi yọ̀! Ẹ̀rín ni mo fi ń jí, orin ni mo fi ń gbálẹ̀.

Ṣùgbọ́n àyà ọkọ mi máa ń já láìnídìí. Ìyáàfin kan tó ń gbà á nímọ̀ràn lórí àyà jíjá náà kọ́ ọ pé kó gbé ọwọ́ lé ikùn, kó rọra fa èémí sínú, kó sì tú u síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní kí èmi máa bá a kà á nílé: ení, èjì, ẹ̀ta. Lọ́dọ̀ ìyáàfin yẹn, ara rẹ̀ a balẹ̀ wọ̀ọ̀. Lọ́dọ̀ tèmi ńkọ́? Ẹnu mi kò ní ìjánu. Bí mo bá ti rí ojú rẹ̀, inú mi á dùn, n ó ti ka ẹ̀wá kó tó fa ẹyọ kan tán. Á wá máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ajá ń lé.

Lọ́jọ́ kan, mo bẹ̀ ẹ́: "Olówó orí mi, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀."

"Aya mi, èémí ni mò ń wá o, kì í ṣe eré ìje."

A jọ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí àyà rẹ̀ bá ti já, balùwẹ̀ ló ń wọ̀, á sì ti ilẹ̀kùn. Èmi á jókòó síta, n ó gbé ọwọ́ lé ikùn tèmi, n ó máa bá a mí. Kò mọ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n kan ilẹ̀kùn ni, àbí kí n ṣì jókòó?

Èmi ni, Ẹlẹ́nu-Yára.