Ẹ Má Kùn Wá Ní Pupa

Salanieta ọmọ mi,

Ṣé ìlú Suva ò le jù? Olúwa tó ń mú ìgbì òkun rọlẹ̀ yóò mú ọkàn rẹ náà rọlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ. Gbogbo wa wà. Kókò ta dáadáa, ẹlẹ́dẹ̀ Emori ẹ̀gbọ́n rẹ ti bímọ, Luisa ìyàwó rẹ̀ ló kù. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti dé tán, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ó sì ń bà mí lẹ́rù.

Ọmọ mi, ojú mi rí ohun tí ojú bàbá mi kò rí. Ọmọbìnrin kan wá láti ọ́fíìsì ìlera, ó ní àwọn ń wá abúlé tí kò ní olùtọ́jú aláìsàn. A fi yaqona ṣe é lálejò, ó mu ún tán, ó yọ pátákó dídán kan, ó fìka kàn án, gbogbo erékùṣù wa sì jáde síbẹ̀! Mo rí òrùlé wa. Ó ní ojú kan lókè ọ̀run ló ń wò wá. Mo ṣí fìlà kí ojú náà, mo sì sáré lọ ká ìró sulu mi tí mo sá sórí okùn, kó má baà rí ibi tó ti ya.

Ó ní abúlé tí kò ní olùtọ́jú ni òun ń kùn ní pupa, èyí tó bá ní, òun a kùn ún ní àwọ̀ ewé. Èmi tí mo fi yíǹkì pupa fagi lé iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé títí mo fi fẹ̀yìn tì, kí wọ́n wá fi pupa fagi lé abúlé tèmi lójú ọ̀run? Mo ní ẹ má kùn wá ní pupa o, a kì í ṣe olódo. Ó ní ta wá ni olùtọ́jú wa. Mo dárúkọ ìyá àgbà Titilia tó ń fọwọ́ ra ikùn aboyún, ó ní àwọn kì í ka irú ìyẹn. Ni mo bá dárúkọ rẹ. Orúkọ rẹ ṣáà wà nínú ìwé ìdílé, ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò kúrò nílé. Ó ní ṣé o wà nílé. Mo ní o wà nílé. Bí a ṣe di àwọ̀ ewé nìyẹn, mo sì pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí Titilia gbọ́, ó ní háà, hẹdimásítà, ẹ yáa fi àwọ̀ ewé yín gbẹ̀bí Luisa, ṣé ẹ ò mọ̀ pé pupa ló ń mú nọ́ọ̀sì wá ni? Gbogbo àwọn tó yí abọ́ yaqona ká fi mí rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì tó yẹ kó jẹ́ tiwa ti gba erékùṣù kejì lọ. Mo jẹ̀bi, ọmọ mi. Èmi tí mo ń na ọmọ tí kò bá ka ìbéèrè tán kó tó dáhùn!

Jọ̀ọ́, lọ sí ọ́fíìsì wọn, sọ pé bàbá rẹ purọ́, kí wọ́n kùn wá kó pọ́n bí ata. Bí wọ́n bá kọ̀, ìwọ máa bọ̀ wá gbẹ̀bí, kí irọ́ mi lè di òtítọ́. Fi owó epo ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́ síwájú, bóyá a ó ní láti gbé Luisa la òkun kọjá.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi kò tó. Ní tèmi, mo ti tẹ́ aṣọ pupa ìyá rẹ sórí òrùlé, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Àràárọ̀ ni mo ń jáde, tí mo ń ṣí fìlà sí ojú òkè yẹn, pé kó jọ̀wọ́, kó tún wa wò.

Bàbá rẹ,
Josaia