Ariwo Tí A Kọ̀

Sátidé, oṣù kọkànlá, 1992

A ṣèpàdé lónìí lórí ọ̀rọ̀ pápá ìṣeré yunifásítì. Ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ yí òfin ilẹ̀ ibẹ̀ padà kí àwọn olówò lè máa gbà á fún àríyá olórin, bí èyí tí wọ́n fi dán an wò léṣìí. Àwọn ọlọ́jà Ìyànà Ìbà fẹ́ ẹ, torí ọjà àwọn á tà. Àwa tí ilé wa kángun sí pápá la kọ̀.

Alága pè mí. "Ìyá Bùnmi, ẹ sọ fún wọn bí ariwo èṣí ṣe da ọkọ yín láàmú nínú àìsàn wọn."

Mo dìde, ṣùgbọ́n irọ́ ò wá sí mi lẹ́nu.

"Kò da Bàbá Bùnmi láàmú. Wọ́n ní kí n mú àwọn jáde sí fàráńdà. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì jó."

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé kò pẹ́ sígbà náà tí Bàbá Bùnmi fi kú.

Ìyá Ṣèyí, aládùúgbò mi, jókòó tì mí pẹ̀lú ìkókó rẹ̀. Ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ rí oorun sùn. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó kọ̀ nawọ́, mo nawọ́. Síbẹ̀...

Àwa la borí. Ìyá Ṣèyí sìn mí délé.

"Mà, orin wo ni Bàbá Bùnmi jó sí?"

Mi ò rántí orin náà. Mo rántí síńgílẹ́ẹ̀tì wọn, mo rántí bí ọwọ́ wọn ṣe gbóná. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ni mo ti ń wá orin náà.

Bàbá Bùnmi, orin wo ni?